Wọ́n Bọ́ Aṣọ Ológun, Wọn Ò Ju Sípánà Sílẹ̀

Oòrùn kò tíì yọ tán lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìsẹ́yìn sí Òkèhò nígbà tí bàbá kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ọgbà onírin kan. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì gíga fíofío ló wà láàárín ọgbà náà, jẹnẹrétọ̀ méjì sì wà lẹ́sẹ̀ òpó. Ọ̀kan ń ké, èkejì dákẹ́. Bàbá náà kí ọlọ́dẹ ní èdè Hausa. Ọlọ́dẹ nà ró ṣánṣán, ó dá a lóhùn, ó sì sáré lọ ṣí ìlẹ̀kùn.

Ẹlòmíràn ìbá lọ tààrà síbi ẹ̀rọ tó dákẹ́, kó máa tú nọ́ọ̀tì. Bàbá yìí gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ awò ojú, ó sì lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ara kọ́ńténà. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan: wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, orúkọ ẹni tó wá, ohun tó ní òun ṣe. Lẹ́yìn náà ló tó lọ wo mítà tó ń ka wákàtí lára jẹnẹrétọ̀ tó dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

"Ẹ wá wo irọ́," ó ní. "Ẹni tó wá kẹ́yìn kọ ọ́ síbí pé òun pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 9,410. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí, mítà ṣì wà ní 9,385. Ṣé ẹ̀rọ máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ padà sẹ́yìn ni?"

Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúdú, ó sì ti ki. Ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́ padà, ó ní kí n jókòó, nítorí pé iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ní tètè parí.

Ọdún 27 ni bàbá yìí lò nínú iṣẹ́ ológun, nínú ẹ̀ka tó ń rí sí iná àti ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní NAEME. Ó dé ipò wọ́ràńtì ọ́físà kó tó fẹ̀yìntì. Ó ní kí n má dárúkọ òun, torí àwọn tó gba òun síṣẹ́ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Kò sì sí ìnira nínú ìyẹn, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn, Bàbá Sójà lásán ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Bí ọkọ̀ kò bá rìn

Bí a bá gbọ́ "sójà", ìbọn àti àṣíborí ló ń wá síni lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ọkọ̀ wọn kò bá rìn, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rìn, ẹ̀yìn ni wọn yóò sì fi gbé omi, oúnjẹ àti ọta ìbọn. Ẹni tó ń mú kí ọkọ̀ rìn kì í sí nínú àwòrán tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn akọni.

Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ náà pín sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn Army Engineers, tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní Makurdi, ló ń kan afárá, tó ń la ọ̀nà, tó ń hú bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn NAEME, tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ ní Auchi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ló ń tọ́jú ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, rédíò àti ìbọn fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Sapele. Àwọn ti òfuurufú ní tiwọn ní Kaduna, wọ́n sì ní ibùdó ìtọ́jú bàálù ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tú bàálù akẹ́rù C-130 wò láti orí dé ìrù.

Lọ́dọ̀ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìpele mẹ́rin ni àtúnṣe ní. Èkíní wà lọ́wọ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ tó ni ọkọ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó ń tẹ̀ lé jagunjagun kiri. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ ti àwọn wọ́kíṣọ́ọ̀pù ńlá, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìpele kìíní yẹn ni Bàbá Sójà kò lè sọ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò: kó tó gbéra, nígbà tó bá dúró lọ́nà, àti nígbà tó bá dé ibi tó ń lọ. Omi, ọ́ìlì, táyà, bátìrì, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí sájẹ́ńtì wá rí i pé irọ́ ni, "wàá sáré yí pápá ká títí ìwọ alára á fi nílò ọ́ìlì."

Ínǹṣì àti mìlímítà

Ohun kan wà tó mú kí ojú mẹkáníìkì ológun Nàìjíríà là ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: ìjọba wa kì í ra nǹkan lọ́jà kan ṣoṣo. A ra táǹkì ogun T-55 lọ́wọ́ Soviet. A ra Vickers àti Scorpion lọ́wọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Steyr wá láti Austria, MOWAG wá láti Switzerland. Nígbà tó di 2020, táǹkì VT-4 tún gúnlẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, gbogbo wọn ni yóò gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ́ńjìnnì T-55 jẹ́ onídísù, ó ní sílíńdà 12, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 580. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, a lè fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú sílíńdà onírin ta á jí. Scorpion ní tirẹ̀, pẹtiróòlù ló ń mu, irú ẹ́ńjìnnì Jaguar tí àwọn olówó ń gùn kiri London ni wọ́n dè mọ́ inú rẹ̀. Vickers tún ya ni lẹ́nu: ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà ló ń gbé e.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì. Mìlímítà ni ará Rọ́ṣíà fi ń wọn tirẹ̀. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, ínǹṣì ni. Ìdajì ínǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, sípánà 13 yóò sì wọ̀ ọ́. Yóò tú u lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, etí nọ́ọ̀tì náà á ti jẹ, sípánà á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ó di kí wọ́n wá ẹni tí yóò fi iná gé e. "Mo lè tọ́ka sí ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ gidi látinú orí nọ́ọ̀tì tó bá tú," Bàbá Sójà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé mo wo àwọn nọ́ọ̀tì ara mọ́tò tèmi nígbà tí mo délé.

Oṣù Kẹjọ 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kọ́kọ́ wọ Liberia, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá Sójà dé Monrovia ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ kékeré nínú iṣẹ́. Ó ní ohun tí òun rántí jù kì í ṣe ìró ìbọn. Òjò ni, àti ìpẹtà, àti pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀wé béèrè kì í tètè dé láti Èkó. Wọ́n á yọ rádíétọ̀ lára èyí tí ọta ti bà jẹ́, wọ́n á yọ ẹ̀rọ tó ń fọ́n dísù lára èyí tó ti kú tipẹ́, wọ́n á sì fi jí ẹ̀kẹta dìde. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò sí, wọ́n á gé e látinú páálí tàbí rọ́bà táyà. Ó dùn láti gbọ́, a sì máa ń yin irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Bàbá fúnra rẹ̀ kò yìn ín. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gé páálí ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, òun mọ̀ pé ẹnìkan lókè kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Abẹ́ àsíá àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti rí nǹkan tó yí èrò rẹ̀ padà. Orílẹ̀-èdè tó bá kó ọkọ̀ lọ fún iṣẹ́ àbò àlàáfíà, àjọ náà máa ń san owó lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Bí orílẹ̀-èdè náà bá gbà láti máa tọ́jú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, owó náà á lé sí i. Ṣùgbọ́n àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ wà á, kí ẹ fi iná àti búréèkì hàn. Èyí tí kò bá dáa, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n máa sanwó lé.

"Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i," ó ní, "pé èèyàn lè sanwó fún ọkọ̀ torí pé kò bàjẹ́. Nílé, ìgbà tó bá bàjẹ́ ni wọ́n tó ń wá owó."

Àwọn tó la ọ̀nà Kaladan

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìlú Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lọ sí Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82. Kí àwọn ti 81 tó lè bá àwọn ará Japan jà ní àfonífojì Kaladan, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ nílò, ọ̀nà kò sì sí. Pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó gùn ju máìlì 70 lọ, lórí òkè tó ga tó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Títí dòní, West African Way ni àwọn òpìtàn ń pè é. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, bàálù sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Lára àwọn tó padà wálé láti ogun náà ni awakọ̀, mẹkáníìkì, àwọn tó mọ iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ rédíò. Àwọn kan rí iṣẹ́ ní Rélùwéè tàbí lọ́dọ̀ ìjọba. Púpọ̀ nínú wọn retí iṣẹ́ títí, wọn kò rí i. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ìtàn àwọn tó yìnbọn ni a ń sọ fọ́mọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ wálé ni a lè nawọ́ sí pé nǹkan báyìí ni wọ́n mú bọ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tó sì parí ní 1970. Ní ẹ̀gbẹ́ Biafra, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ti ń fọ epo rọ̀bì fúnra wọn, wọ́n sì ń ṣe ohun ìjà tí wọn kò rí rà. Ogun parí, oníkálukú sì wábi gbà lọ.

Ọmọ Yorùbá tó lókìkí jù nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ológun náà ńkọ́? Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni. Ó wà ní Congo ní 1960, ó sì di olórí ẹgbẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ojú ogun ní Kaduna ní 1963, kó tó di olórí gbogbo Army Engineers. Nígbà tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló lọ dáwọ́ lé ní Ọ̀tà. N kò bá a wíjọ́. Àgbẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àpẹẹrẹ yẹn ti wọ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Oshodi, ẹja ló ń jẹ́ owó

Kí sójà tó fẹ̀yìntì, ó máa ń gba ilé-ẹ̀kọ́ NAFRC ní Oshodi kọjá. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ tí wọn yóò máa jẹ: iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ iná, mẹkáníìkì, aṣọ rírán, kọ̀ǹpútà, ẹja sísìn, adìyẹ sísìn. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ Bàbá Sójà sọ pé àwọn mẹkáníìkì tí àwọn jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n lè fi etí mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ẹja àti adìyẹ ni púpọ̀ nínú wọn yàn.

Mo béèrè ìdí. Ó ní wọ́n ti sọ fún wọn pé owó wà nínú ẹja. Ó tún ní ohun kan mìíràn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́: ojú ń tì wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti ń kí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ní bárékè kò fẹ́ kí àna òun wá bá òun lábẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn, kí ọ́ìlì máa kán sí òun lójú.

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ kan nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì kan ní Ìbàdàn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìwé tí iṣẹ́ ológun fún sójà sọ ìpele tó dé nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbanisíṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bíà tàbí sìmẹ́ńtì kò mọ ohun tí ìpele yẹn dúró fún. Trade Test ló mọ̀, tàbí City and Guilds ti ayé àtijọ́, tàbí ND àti HND. Àjọ COREN, tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ní àyè fún ẹ̀yà mẹ́rin, láti orí ẹnjiníà títí dé orí oníṣẹ́ ọwọ́. NBTE, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, náà ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó fàyè gba pé kí wọ́n yẹ ohun tí èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé lé e lórí, bí kò bá tilẹ̀ jókòó ní kíláàsì.

"Ọ̀nà wà," olùkọ́ náà ní. "Kò sẹ́ni tó mú wọn dé ẹnu ọ̀nà náà kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ni. Tí wọ́n bá ti délé tán, ìgbà wo ni wọ́n á tún máa wá ẹni tó máa yẹ ọwọ́ wọn wò? Ilé ń ké, ọmọ ń ké."

Ó yàtọ̀ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi oṣù 30 tọ́jú ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun lè fi ìrírí yẹn jókòó ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ tí gbogbo iléeṣẹ́ bàálù mọ̀. Bó bá jẹ́ apá kan péré ló fẹ́, oṣù 18 tó. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ REME, ẹgbẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ológun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1942, máa ń gba ẹ̀kọ́ ní Lyneham, ìwé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí aráàlú ń gbà. Àwọn ọmọ Yorùbá ń jẹ nínú rẹ̀ o. Nígbà tí ológun Amẹ́ríkà ṣí ètò MAVNI láti gba àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan, èdè Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo mọ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó bá a wọlé síbẹ̀, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún hẹlikópítà ṣe. Ó ti kúrò níṣẹ́ ológun, hẹlikópítà tó ń gbé aláìsàn ló ń tọ́jú báyìí ní Texas. Ìwé kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ráyè ronú nípa ìwé-ẹ̀rí. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ń béèrè owó tí ìjọba jẹ wọ́n.

Wákàtí 250

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jẹnẹrétọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún gbogbo orílẹ̀-èdè. Níbi tí iná ìjọba kò bá dé, jẹnẹrétọ̀ onídísù ló ń gbé wọn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wákàtí 250 ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò ní pé ọjọ́ 11 tí wákàtí náà yóò fi pé. Ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, nínú òjò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lójú ọ̀nà tí kò dáa.

Ẹni tó ni òpó gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn rán ọmọ kan tí wọ́n ń fún lówó tí kò tó owó ọkọ̀. Ọmọ náà jókòó sílé, ó pe ọlọ́dẹ lórí fóònù pé kó bá òun kọ nǹkan síwèé. Báyìí ni wákàtí 9,410 ṣe wọ inú ìwé ní ọ̀nà Òkèhò. Ẹ má bá ọmọ yẹn nìkan jà.

Nínú ilé wa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù, wákàtí 20 àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n da ọ́ìlì tó bá a dé nù, nítorí pé irin wẹ́wẹ́ tó ń họ lára ẹ́ńjìnnì tuntun wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di wákàtí 100 sí 100. Ẹni tó ń tan án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ọjọ́ 20 ló fi pé. Èmi kò tíì rí ẹnì kan ládùúgbò wa tó ń kà á. Ìgbà tó bá ń tú èéfín funfun la máa ń ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń bí Bàbá Sójà nínú jù ni ti àwọn tó ra jẹnẹrétọ̀ onídísù tó tóbi ju ohun tí wọ́n ń lò lọ. Wọ́n ra èyí tó lè gbé gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, fìríìjì méjì àti gílóòbù díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé. Wọ́n rò pé àwọn ń dá a sí. Ẹ́ńjìnnì onídísù tí kò rí ẹrù gbé kì í gbóná tó, dísù kì í jó tán nínú rẹ̀, ìyókù á máa dì mọ́ ẹnu fáàfù àti ọ̀nà èéfín. Ọ̀rá dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lẹ́nu páìpù. Nígbà náà ni wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn yàn wọ́n jẹ. Òmíràn tún ni omi kànga tí wọ́n ń bu sínú rádíétọ̀ dípò èyí tó yẹ. Ó ń dípẹtà, ó ń dí ojú ihò, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí yóò fi nọ́ọ̀kù.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni ìtọ́jú ti ń ṣòro o. Ní 2012, ààrẹ orílẹ̀-èdè lọ ṣí ọkọ̀ ojú omi NNS Andoni, èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi kàn fúnra wọn ní Èkó. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi Igirigi, ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ tí ọta kì í wọ̀, hàn. Ní Òde-Rẹ́mọ, ilé-iṣẹ́ aládàáni Proforce náà ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun ìwúrí ni, a sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo NNS Aradu, ọkọ̀ ogun tó tóbi jù tí a ti ní rí, tí wọ́n kàn ní Hamburg tó sì wọlé sí wa lọ́wọ́ ní 1982. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró lẹ́bùúté tí kò lè jáde nítorí àìsí àtúnṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa ń gé ríbọ́ọ̀nù.

"Níbo ni ọ̀gá wà?"

Ìyá kan wà ní Ìpájà tó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú. Àwọn aago àti mítà inú bàálù ló ń tún ṣe ní Ìkẹjà. Báyìí, ó ń de páńẹ́ẹ̀lì sólà àti ínfátà, ó sì ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Bó bá dé ilé oníbàárà, ìbéèrè kìíní tí wọ́n máa ń bi í ni pé, "Ìyá, ẹ káàbọ̀ o. Níbo ni ọ̀gá wà?" Ó máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀gá ló wà níwájú yín yìí, kẹ́ ẹ fi ibi tí bátìrì wà hàn án.

Nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun, kò tíì pẹ́ tí bàálù ológun C-130 já sí Èjìgbò ní Èkó, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1992. Kò sí ẹni tó yè nínú rẹ̀. Ìyá náà ní kò sí ọ̀gá kan tó kọ́ àwọn níṣẹ́ tí kò fi ọjọ́ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Bàálù kì í dúró di ìgbà tó bá bàjẹ́ kí wọ́n tó tú u wò. Wákàtí kan wà, ọjọ́ kan sì wà. Bó bá ti pé, wọ́n á tú u, ì báà máa fò bí ẹyẹ.

Ohun tó ń tà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Kò fẹ́ kí wọ́n pè é nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n máa san iye kan lóṣooṣù, kí òun máa wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun máa kọ ọ́ síwèé. Oṣù tí ẹ̀rọ bá kú ju ọjọ́ kan lọ nítorí àìtọ́jú, kí wọ́n má san nǹkan kan. Oníbúrẹ́dì kan ti gbà, ilé ìwòsàn aládàáni kan náà ti gbà. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ yé, torí pé bí iná bá lọ nígbà tí ìyẹ̀fun ti wú, gbogbo rẹ̀ ló máa dà nù.

Ọmọọṣẹ́ mẹ́ta ló gbà. Ọ̀kan ti sá lọ síbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ó ní ìwé kíkọ ti pọ̀ jù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yára. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin tó ń kọ wákàtí sílẹ̀ kí ìyá tó rán an létí. Ìyá ń wá bí yóò ṣe fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò NBTE, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni yóò ní, bíi tòun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ kí i, ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí wá bá a nípa àdéhùn oṣooṣù náà. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá wá jẹ́ pé kò bàjẹ́ rárá láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá ńkọ́? Mo ṣì máa máa sanwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Owó kí ni ìyẹn wá jẹ́?"

Ìyá ní kí ó jókòó, ó pàṣẹ kí wọ́n bá a wá omi tútù, ó sì fa kálékúlétọ̀ yọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ọkùnrin náà fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá, tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ sílẹ̀ níbì kankan. Ó ní kí àwọn pe akọ̀wé òun lórí fóònù. Akọ̀wé ní òun máa wá ìwé rísíìtì náà. Wọ́n ṣì ń dúró de akọ̀wé nígbà tí mo dìde, wọ́n sì ti kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan pé kí ọmọbìnrin náà lọ ka mítà òtẹ́ẹ̀lì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.